Ìkòkò Tábà Bàbá Ọdẹ: Ọ̀rọ̀ lórí Iṣẹ́ Ọwọ́ Wa

Ọ̀rọ̀ tí àwa oníṣòwò inú ẹgbẹ́ sọ ní ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́ wa ní Lọ́kọ́jà

  

Àwọn ìgbìmọ̀ tí ó ṣètò ọjọ́ òní ni ó ní kí àwa oníṣòwò wá sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí ìwé wọn tẹ̀ wá lọ́wọ́, a wo ara wa lójú. Ìwé mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ nínú wa kà. Ọjà ni yunifásítì wa. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A ti tajà ní ìlú yìí fún ọdún púpọ̀, a sì ti rí ohun tí ó wọ ọjà àti ohun tí ó jáde nínú rẹ̀. Ohun kan jáde tí kò padà wá mọ́, nípa rẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀. Bí a bá ṣì í sọ, kí ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé foríjì wá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa yìí. Ẹni tí ó bá jókòó lẹ́yìn lè rò pé igi ìdáná ni. Igi ni lóòótọ́, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó sì ti là sí méjì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá súnmọ́ ọn, ẹ ó rí ihò ńlá kan láti òkè, ẹ ó sì rí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ẹ̀gbẹ́. Ìkòkò tábà ni igi yìí ì bá dà, bí ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá dúró parí rẹ̀.

BÀBÁ ỌDẸ

Àwọn tí ó ti pẹ́ ní ìlú yìí yóò rántí àwọn àgbà wa tí ó ti wà níbí kí ìjọba tó dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ, ọdún 1991. Bàbá ọdẹ kan wà láàárín wọn. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ wà láyé, a kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí a tẹ̀lé àwọn òbí wa dé ìlú yìí, tí a ṣì jẹ́ ọmọdé, àwa ni bàbá yìí máa ń rán lọ ra tábà. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà, yóò máa gbẹ́ igi, a ó sì yí i ká bí adìyẹ ti í yí ìyá tí ń fẹ́ ọkà ká.

Ọdẹ ni, ṣùgbọ́n ìkòkò tábà ni ó fi ń rówó ra iyọ̀. Àwọn àgbẹ̀, àwọn awakọ̀ ojú omi, àti àwọn ìyá àgbà ni oníbàárà rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó ya ẹ̀yin ọ̀dọ́ lẹ́nu pé a dárúkọ ìyá àgbà. Nígbà náà, ìyá ìyá ẹlòmíràn nínú wa kò lè jẹun alẹ́ tán kí ó má fa ìkòkò rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, tí èéfín ń rú lọ sókè, a mọ̀ pé ìtàn fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

IBI TÍ TÁBÀ TI WÁ

Tábà kì í ṣe ewé ilẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó ti gba òkun dé ibẹ̀, tí àwọn Pọtogí àti àwọn mìíràn sì ń bá etíkun wa ṣòwò, ewé náà tẹ̀lé wọn dé. Orúkọ tí a ń pè é pàápàá, ọ̀rọ̀ àwọn Pọtogí ni a fi ohùn Yorùbá pè. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ tí ń wú ilẹ̀ láti mọ ìtàn àtijọ́ ṣe fẹ́ràn àfọ́kù ìkòkò tábà. Bí wọ́n bá bá a pàdé nínú ilẹ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, wọ́n mọ̀ pé àwọn tí ó gbé ibẹ̀ gbé e lẹ́yìn ìgbà tí tábà dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw, tí ó wú ilẹ̀ Igbo-Ukwu, kọ̀wé lórí àwọn ìkòkò tábà àtijọ́ ní ọdún 1960. Ní Ẹdẹ-Ilé, ìlú àtijọ́ kan ní agbègbè Ọ̀ṣun, àwọn tí ó bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ògúndìran ṣiṣẹ́ rí ìkòkò tábà nínú ilẹ̀, wọ́n sì rí owó ẹyọ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ tí ó korò. Tábà tí ó dé etíkun wa kò dé lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, wọ́n a máa mú ewé tábà tí kò dára tó èyí tí wọ́n ń kó lọ sí ilẹ̀ Pọtogí, wọ́n a lọ́ ọ bí okùn, wọ́n a fi omi ṣúgà dúdú tí a rí lára ìrèké rẹ ẹ́, wọ́n a sì kó o wá sí Wídà, Bàdágìrì àti Èkó. Ènìyàn ni wọ́n ń fi rà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa ní Lọ́kọ́jà. Ẹ̀yin mọ Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn ní ìhà Ìsẹ́yìn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821. Nínú ìtàn ara rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní ọdún 1837, ó sọ pé nígbà kan, tábà àti ọtí wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ òun. Ọmọ tí wọ́n fi tábà rà yìí ni ó bá ọkọ̀ ojú omi gòkè wá sí ìpàdé odò Ọya àti Bẹ́núè ní ọdún 1841, kí ó tó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Irin òmìnira tí ó dúró ní ọgbà ilé-ìwé Holy Trinity ní ìlú wa yìí ń rán gbogbo wa létí òwò ẹrú náà. Nítorí náà, bí a bá ń yin ìkòkò tábà lónìí, kì í ṣe tábà inú rẹ̀ ni a ń yìn.

Kí ni a wá ń yìn? Ọwọ́ àwọn bàbá àti ìyá wa ni. Àlejò ni ewé náà, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó kí àlejò tún máa ta ìkòkò rẹ̀ fún wọn títí ayé. Àwọn òyìnbó ní ìkòkò tiwọn, amọ̀ funfun ni, àti orí àti ọrùn jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ọrùn náà sì gùn. Bí ó bá jábọ́, ó ti tán. Àwọn ará ilẹ̀ wa wò ó, wọ́n sì ṣe tiwọn lọ́nà mìíràn. Wọ́n mọ orí nìkan pẹ̀lú ọrùn kúkúrú, wọ́n wá ki igi tí ó ní ihò bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí igi bá ṣẹ́, ìwọ yóò gé òmíràn. Bí o bá fẹ́ kí èéfín tutù, ìwọ yóò mú igi gígùn. Ọgbọ́n nìyẹn. Ẹni tí ó ń ta ọjà yóò mọ̀ pé ohun tí a lè tún ṣe sàn ju ohun tí a ń sọ nù lọ.

BÍ WỌ́N TI Ń ṢE É

Ti amọ̀ ni kí a kọ́kọ́ sọ. Ìkòkò ni a ń pe èyí tí a fi ń se ọbẹ̀, ìkòkò náà ni a ń pe ti tábà. Amọ̀ kan náà ni, ọ̀nà kan náà ni. Wọn a wa amọ̀, wọn a sá a, wọn a gún un, wọn a ṣa òkúta àti gbòǹgbò inú rẹ̀ dànù. Wọn a rẹ ẹ́ sínú omi, wọn a wá gún àpáàdì kúnná, wọn a pò ó mọ́ ọn kí ó má baà là nínú iná. Amọ̀kòkò yóò mọ ọ́n ní ìwọ̀n ìka méjì tàbí mẹ́ta, yóò fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ lu ihò rẹ̀ nígbà tí ó ṣì tutù, yóò fi ọ̀bẹ tàbí ẹnu igi fín in lára. Lẹ́yìn èyí ni yóò gbé e sí ibòji. Bí oòrùn bá yára gbẹ ẹ́, yóò sán.

Sísun ni ó kù. Ní ẹbu, wọn a kó igi àti koríko gbígbẹ bò ó, wọn a tiná bọ̀ ọ́. Ní Ìlọrin, ní àdúgbò Dada ní Òkè-lele, títí di òní, àwọn ìyá kan ṣì ń mọ ìkòkò ọbẹ̀ àti àmù. Bí ìkòkò bá ti inú iná jáde, tí ó ṣì gbóná, wọn a fi omi tí a fi èèpo èso igi irú sè wọ́n ọn, ara rẹ̀ á dán, ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ á sì dí. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ọ̀dà ni wọ́n kùn ún.

Ti igi ni iṣẹ́ bàbá ọdẹ. Kì í gbẹ́ igi tútù. Yóò gé gbòǹgbò igi àyìn, tàbí kókó igi mìíràn tí ó le, yóò gbé e sí àjà lókè ibi ìdáná títí ẹ̀ẹ̀rùn kan yóò fi kọjá lórí rẹ̀. Igi tí kò gbẹ, bí iná bá wọ inú rẹ̀, yóò là ni. Kì í sì í lo igi tí kò mọ ìwà rẹ̀. Igi orò ní oje tí ń bó ẹnu. Igi erun, májèlé ni. Ó máa ń sọ fún wa pé ohun tí a ó ki bọ ẹnu, a kì í ṣe é pẹ̀lú igi àìmọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ihò. Ẹlòmíràn yóò kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ kí ó lẹ́wà, kí ó tó lu ihò. Bàbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ihò ni ó ń kọ́kọ́ lu, nígbà tí igi ṣì nípọn tí ọwọ́ lè dì í mú. Ihò ńlá láti òkè fún tábà, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ fún èéfín. Irin agboòrùn tí ó ti bàjẹ́ ni ó ń fi sí iná títí yóò fi pọ́n, yóò sì máa fi lu ihò kejì yìí díẹ̀díẹ̀. Ihò méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé ní ìsàlẹ̀ gan-an. Bí ti ẹ̀gbẹ́ bá ga jù, tábà ìsàlẹ̀ kò ní jó tán, omi yóò sì dúró síbẹ̀. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù, yóò yọ ní ìdí, iṣẹ́ sì ti bàjẹ́. Ojú kò lè rí ibi tí wọ́n ti ń pàdé. Ọwọ́ ni ó ń mọ̀ ọ́n.

Bí ihò bá ti pé, yóò wá gbẹ́ ara rẹ̀, yóò fi ewé ìpín fá a títí yóò fi jọ̀lọ̀, yóò sì fi òrí pa á. Ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí eèsún gbígbẹ ni yóò fi ṣe ọrùn. Irin gbígbóná kan náà ni yóò fi jó oríkèé inú rẹ̀ kí èéfín lè rí ọ̀nà gbà. Ẹni tí ó bá rà á yóò gba ìkìlọ̀ pé kí ó kọ́kọ́ máa fi tábà díẹ̀ sí i, títí èédú yóò fi bo inú rẹ̀, kí iná má baà jẹ igi.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀

Àkókò dé tí sìgá gba ìgboro. Láti ọdún 1937 ni ilé-iṣẹ́ sìgá ńlá ti wà ní Ìbàdàn, àwọn àgbẹ̀ wa ní Òkè-Ògùn sì ń gbin ewé fún iṣẹ́ sìgá. Sìgá kò fẹ́ ìkòkò, kò fẹ́ ọparun, ìṣáná nìkan ni ó fẹ́. A kò ní purọ́ níwájú yín, àwa pẹ̀lú tà á. A kó o sórí àtẹ, a ń tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ wa kan náà ni ó lé oníbàárà kúrò lẹ́nu ọ̀nà bàbá.

Bàbá bẹ̀ wá lẹ́ẹ̀mẹta pé kí a fún òun ní ọmọ kan tí òun yóò kọ́ níṣẹ́. Ní àkọ́kọ́, a rẹ́rìn-ín. A ní, “Bàbá, ta ni ó tún ń mu ìkòkò?” Ní ẹ̀ẹ̀kejì, a ní àwọn ọmọ ń múra ìdánwò. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, a dákẹ́. Nígbà tí a dákẹ́ yẹn ni ó sọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò lọ́kàn wa. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rò pé ìkòkò ni mo fẹ́ kọ́ ọmọ yín. Ọwọ́ ni mo fẹ́ kọ́ ọ.”

Nígbà tí ó dolóògbé, tí wọ́n ṣí àpótí rẹ̀, ọ̀bẹ gbígbẹ́ wà níbẹ̀, ìlu wà níbẹ̀, irin agboòrùn wà níbẹ̀, àti igi yìí. Ihò òkè ti pé. Ihò ẹ̀gbẹ́ ti wọlé, kò tíì dé ibi tí yóò ti pàdé èkejì. A ní kí a parí rẹ̀ kí a fi ṣe ìrántí rẹ̀. A gbé e lọ fún káfíńtà tí ó ní ẹ̀rọ ìlugi. Ó ṣe é pẹ̀lú sùúrù, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ̀rọ náà dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, igi sì là sí méjì. A ṣa á nílẹ̀, a dì í sínú aṣọ, a kò sì rí ẹnì kan ní gbogbo ìlú yìí, láàárín àwa ọmọ Yorùbá, tí ó lè sọ fún wa bí bàbá ti ń ṣe é tí kì í là.

OHUN TÍ ÀWỌN ẸLÒMÍRÀN FI IRÚ IṢẸ́ YÌÍ ṢE

Àìrìn jìnnà ni kò jẹ́ kí á rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ wo ibòmíràn. Ní Foumban, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù tí ó múlé gbè wá, àwọn Bamum mọ ìkòkò tábà tí a fín orí ènìyàn àti ẹranko sí lára, ti ọba a máa tóbi gan-an. Lónìí, iṣẹ́ wọn wà nínú ilé ìkó-nǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri ayé. Ní Saint-Claude, ní ilẹ̀ Faransé, kókó ìdí igi kékeré kan tí ń hù létí òkun wọn ni wọ́n ń lò. Wọ́n a sè é fún wákàtí púpọ̀, wọ́n a sì fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ fún oṣù púpọ̀ kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án. Ṣé ẹ rí i pé àjà bàbá ọdẹ àti ti òyìnbó, ọgbọ́n kan náà ni?

Èyí tí ó dùn mọ́ àwa oníṣòwò jù ni ti ìlú Washington ní ìpínlẹ̀ Missouri, ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1869, agbẹ́gi kan tí ó ti ilẹ̀ Họ́láńdì wá, Henry Tibbe, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣùkù àgbàdo ṣe ìkòkò tábà. Ṣùkù àgbàdo ni a wí o, èyí tí àwa ń jù sí ààtàn! Ilé-iṣẹ́ tí ó ti ibẹ̀ jáde ṣì wà títí di òní. Ẹ sì rántí pé àlejò ni Tibbe ní ìlú náà, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti jẹ́ àlejò níhìn-ín. Ohun tí ó gbé wá láti ilé ni ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ má sọ pé ti òyìnbó nìyẹn. Kò jìnnà sí wa níhìn-ín, ìyá kan wà, Ladi Kwali, ọmọ Gwari. Ọ̀dọ̀ àbúrò òbí rẹ̀ ni ó ti kọ́ ìkòkò mímọ ní kékeré, kì í ṣe ní ilé-ìwé. Nígbà tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Gẹ̀ẹ́sì, dá ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, tí a ń pè ní Suleja nísinsìnyí, ìyá náà darapọ̀ mọ́ ọn ní ọdún 1954. Iṣẹ́ rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù. Ó kú ní ọdún 1984, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn ₦20 tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 2007, ẹ ó rí i níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀. Gbogbo wa ni a ti ná an, ẹni mélòó nínú wa ni ó wò ó?

ÌBÉÈRÈ KAN

A mọ̀ pé ẹnì kan yóò bi wá léèrè pé, ẹ̀yin kò ha gbọ́ ohun tí àwọn dókítà ń sọ? A gbọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé tábà ń pa ènìyàn tí ó ju 7,000,000 lọ lọ́dọọdún. Kì í ṣe sìgá nìkan. Èyí tí a ń fi ìkòkò mu pẹ̀lú ń fa jẹjẹrẹ ẹnu, ti ọ̀fun àti ti ẹ̀dọ̀fóró. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 sọ pé a kò gbọdọ̀ tà á fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, a kò sì gbọdọ̀ tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní in lórí àtẹ, ẹ gbọ́ èyí. Àwa ti kó o kúrò lórí tiwa. Bàbá ọdẹ fúnra rẹ̀, ikọ́ kò jẹ́ kí ó sùn ní ọdún tí ó lò kẹ́yìn. A gbọ́ ikọ́ náà láti ilé wa.

Nítorí náà, a kò wá láti dá ìkòkò tábà padà sí ẹnu ẹnikẹ́ni. Kí èéfín máa lọ. Ṣùgbọ́n a ṣe àṣìṣe kan: nígbà tí a ń lé èéfín, a lé ọwọ́ tẹ̀lé e. Ọwọ́ tí ó mọ bí ihò méjì ṣe ń pàdé nínú igi, òun kan náà ni ó lè gbẹ́ fèrè, ṣíbí, ìdí ọ̀bẹ àti ẹsẹ̀ àga. Ọwọ́ tí ó mọ amọ̀ tí kì í sán nínú iná, òun ni ó lè mọ àdògán tí kì í jẹ igi púpọ̀, àti àmù tí ń mú omi tutù nígbà tí kò sí iná mànàmáná. Ìkòkò tábà kú ikú tí ó yẹ ẹ́. Ọwọ́ náà ni kò yẹ kí ó kú.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KAN WÁ

Àwa tí a wà ní ìlú tí kì í ṣe ìlú bàbá wa, kí ni a ní? Ẹ rántí ọdún 2012, nígbà tí odò méjèèjì kún tí omi gba ilé àti ọjà ní Lọ́kọ́jà. Ẹ rántí ọdún 2022, nígbà tí ó tún padà wá. Àwa tí a gbójú lé ọjà inú ilé ìtajà, omi kó o lọ ní alẹ́ kan, gbèsè sì kù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà láàárín wa tí ń hun apẹ̀rẹ̀. Omi kó tirẹ̀ náà lọ. Ní ọjọ́ kẹrin, ó wọ igbó, ó gé ọ̀pẹ, ó jókòó sábẹ́ igi níbi tí a sá sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, owó ti ń wọlé fún un, ó sì ń yá wa lára rẹ̀, àwa tí à ń pe ara wa ní ọlọ́jà ńlá. Ọjọ́ náà ni a rántí bàbá ọdẹ. Omi lè kó ọjà, kò lè kó ohun tí ó wà nínú ọwọ́.

Ní báyìí, àwọn ọmọ wa ń jáde ní ilé-ìwé gíga, wọ́n ń jókòó sílé. A kò ní kí wọ́n má kàwé. Ìwé tí a kò kà tó ni ó ń dùn wá títí di òní. Ohun tí a ń wí ni pé kí ìwé àti ọwọ́ jọ máa lọ.

OHUN TÍ A Ń BẸ̀ YÍN

Ohun mẹ́ta ni a ń bẹ ẹgbẹ́ wa, bí a ti ń náwó lónìí. Èkíní, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ ṣí ìwé kan, kí ó kọ orúkọ gbogbo àgbà láàárín wa tí ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ kan sínú rẹ̀: ìkòkò mímọ, igi gbígbẹ́, aṣọ híhun, alágbẹ̀dẹ, onílù, igbá fínfín. Kí ó kọ ọ́ kí oṣù yìí tó tán, nítorí pé ikú kì í dúró de ìpàdé.

Èkejì, kí a yọ apá kan nínú owó tí a bá rí lónìí, kí a fi ra irinṣẹ́ àti oúnjẹ fún ọmọ mẹ́fà, ọkùnrin mẹ́ta, obìnrin mẹ́ta, tí yóò máa lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà náà ní ìgbà ìsinmi ilé-ìwé. Àwa oníṣòwò yóò gba iṣẹ́ ọwọ́ wọn sórí àtẹ wa láìgba èrè kankan fún ọdún kan. A ti fohùn ṣọ̀kan lórí èyí kí a tó wá síbí.

Ẹ̀kẹta kò gba owó. Nígbà tí àgbà kan bá sọ pé, ẹ fún mi ní ọmọ kan kí n kọ́ ọ, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sì dákẹ́. Àwa ṣe méjèèjì, èrè rẹ̀ nìyí lọ́wọ́ wa.

A ó fi igi yìí sílẹ̀ fún ẹgbẹ́. Kí wọ́n má ṣe lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kí wọ́n gbé e sí orí tábìlì ìpàdé bí ó ti wà. Bí ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́fà náà bá di ẹni tí ó lè lu ihò méjì kí wọ́n pàdé láì jẹ́ kí igi là, kí ó mú iṣẹ́ rẹ̀ wá síbí, ìbáà ṣe fèrè, ìbáà ṣe ohun mìíràn, kí a sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá. Ọjọ́ náà ni a ó mọ̀ pé a ti bẹ bàbá náà, ó sì ti gbà.

Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ọlọ́run yóò bù kún ọwọ́ wa, yóò dá ẹ̀mí àwọn àgbà wa sí, omi kò ní gba ilé wa mọ́, ẹgbẹ́ wa kò ní tú. Ìlú Lọ́kọ́jà yóò máa tòrò fún onílé àti àlejò.